Ẹja ò bá ìyàwó mi lára mu: kí la lè ṣe nílé oúnjẹ yìí ní Kyoto?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Jàpáànù, ẹ jọ̀ọ́. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ló ni ilé oúnjẹ kékeré àdúgbò wa ní Kyoto. Bàbá ń sè, màmá ń gbé e wá. A fẹ́ràn wọn gan-an. Àmọ́ bí ìyàwó mi bá jẹ ẹja, ojú àti ètè rẹ̀ á wú. Mo fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, wọ́n yọ ẹja kúrò, síbẹ̀ katsuobushi, ìyẹn ẹja gbígbẹ, ló wà nínú omi dashi tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ miso. Ìrẹsì funfun nìkan ló ń jẹ. Mo mọ̀ pé kombu, ìyẹn ewéko inú òkun, àti olú shiitake gbígbẹ náà ṣeé fi se dashi. Ṣé kò ní jẹ́ àrífín tí mo bá bẹ̀ wọ́n ṣáájú ọjọ́ tí a máa lọ? Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn?