Ẹ má jẹ́ ká “jí” ẹ́ńjìnnì: ọ̀rọ̀ lórí “kò jí”, “kò gbiná”, “kò sitáàtì” àti “kò tàn”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lójú ọ̀sà bi wá ní ìbéèrè kan: tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń yí nígbà tí a tẹ sitáàtà rẹ̀ tàbí tí a fa okùn rẹ̀, àmọ́ tí kò ṣiṣẹ́, kí ni ká pe ìyẹn ní Yorùbá? Èsì mẹ́ta ni mo rí. Àwọn kan ní “kò jí”. Àwọn kan ní “kò gbiná”. Àwọn tó kù ní ká fi “kò sitáàtì” sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣebí gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Mi ò bá ẹnì kankan lọ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí “jí” bẹ̀rẹ̀, torí òun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nínú iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́, gbólóhùn kan sọ pé: “Kí ẹ tó jí ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ wo àyíká yín dáadáa.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, olè lẹ ń kọ́ níṣẹ́ yẹn. Ohùn kan náà ni “jí” tó jẹ́ ti ojú oorun àti “jí” tó jẹ́ ti olè, ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ létí omi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lolè kọ́kọ́ máa ń tú lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó bá jí ti ní láti sùn rí. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé awakọ̀ ní kí ẹ́ńjìnnì sùn? Pípa là ń pa á. “Pa ẹ́ńjìnnì.” “Pa jẹ́n.” “Pa iná.” Ohun tí a bá sì ń pa báyìí, ìdàkejì rẹ̀ ti wà nínú ilé látọjọ́ tí aláyé ti dáyé: títàn ni. Tí iná bá lọ lálẹ́, kò sí ìyá kankan tó máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó lọ jí jẹ́n. Á ní kó lọ tan jẹ́n.

Ti “gbiná” tún burú ju ti olè lọ. Ká ní èrò méjìlá jókòó sínú ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù wà lẹ́sẹ̀ wọn, awakọ̀ wá kígbe lẹ́yìn pé “Ó ti gbiná!” Ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé? Omi ni wọ́n máa bẹ́ sí, àtẹni tó mọ̀wẹ̀ àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

“Sitáàtì” ló ṣòro díẹ̀. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà o; èmi fúnra mi ń sọ bátìrì àti púlọ́ọ̀gì, kò sì sẹ́ni tó máa gba mẹkáníìkì gbọ́ tó bá pè wọ́n ní nǹkan míì. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ni pé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. “Mo sitáàtì í títí, kò sitáàtì.” Èyí àkọ́kọ́ ni ohun tí mo ṣe, èyí ìkejì ni ohun tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ tí kò ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti jẹ mí níyà rí.

A ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ́ńjìnnì ń sáré dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, àfi bó ṣe húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó sì kú. (Ẹ ṣàkíyèsí: ó kú ni mo sọ, mi ò ní ó sùn.) Mo pe mẹkáníìkì mi lórí fóònù, mo ní kò sitáàtì. Ó ní ṣé jíà wà ní fíríì, mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní kí n ha ẹnu bátìrì kí n sì fún wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ha á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oòrùn ń lù mí lórí, kó tó wá sí i lọ́kàn láti béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣé ó ń yí?” Mo ní ó ń yí kẹ̀! Ó ní, “Ó ń yí, kò tàn. Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan?”

Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ kí ìwé náà lò, torí ó ti la ọ̀nà méjì fún ẹni tó ń wá àìsàn ẹ́ńjìnnì. Èyí tí kò yí, ọ̀rọ̀ bátìrì, wáyà, fíúùsì tàbí jíà ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó ń yí tí kò tàn, bátìrì kọ́ ló sábà máa ń bá jà mọ́. Nínú ohun mẹ́ta, ọ̀kan ti sọnù: epo tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ níwọ̀n, iná tí púlọ́ọ̀gì ń jù, tàbí agbára tí písítìnì fi ń tẹ epo àti afẹ́fẹ́ náà mọ́ra. Okùn pupa tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́, tó ń pa ẹ́ńjìnnì tó bá já, náà wà lára ọ̀ràn yìí. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tí okùn yẹn bá ti já kúrò níbi tó ń kọ́ sí, sitáàtà á máa yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, púlọ́ọ̀gì ò ní ju iná kankan. Tèmi kì í ṣe okùn. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lójú ọ̀nà epo, èyí tí a fi ń fún epo wọ ẹ́ńjìnnì, ti kó sínú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó, torí mo gbàgbé láti ṣí ihò afẹ́fẹ́ orí ìdérí táǹkì. Bí mo ṣe tú u, afẹ́fẹ́ wọlé fùú. Mo fún bọ́ọ̀lù náà títí ó fi le, mo tẹ sitáàtà, ó tàn.

Ẹnìkan lè sọ pé “tàn” náà jẹ́ ti ẹ̀tàn. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń tan èèyàn jẹ, mi ò tíì rí èèyàn tó tan ẹ́ńjìnnì jẹ. Ẹ tún rántí pé kò sẹ́ni tó pe ìpàdé kí koríko tó bo ojú ọ̀sà tó di “gbéborùn”. Àwọn èèyàn rí i bó ṣe ń rìn láti èbúté dé èbúté bí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ó sì mọ́ ọn lára.

Mo tún rí ohun mẹ́ta míì nínú iṣẹ́ náà. Ibi tí wọ́n ti sọ pé púlọ́ọ̀gì ń mú “ìtànṣán” wá, ti oòrùn nìyẹn. Ẹ̀ta iná ni ẹ kọ, tàbí kí ẹ ní púlọ́ọ̀gì ju iná bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń sọ. Ibi tí epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì tí púlọ́ọ̀gì sì rin ṣìnkìn, wọ́n kọ “omíyalé”. Ẹni tó bá ka ìyẹn máa rò pé omi ló wọ inú epo, àìsàn ọ̀tọ̀ sì lèyí: ẹ bu epo náà sínú ìgò tó mọ́ gaara, omi á lọ jókòó sísàlẹ̀. Ti epo àpọ̀jù, “ó ti mu epo yó” tó o. Ẹ dá choke (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù) padà, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ nù ún gbẹ. Ìkẹta ni “ẹ po epo mọ́ epo”. Epo wo mọ́ èwo? Ẹ kọ ọ́ báyìí: tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá ní 50:1 (pẹtiróòlù àádọ́ta sí ọ́ìlì kan), ìdajì lítà ọ́ìlì ló ń wọ kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù lítà 25.

Bọ́ọ̀lù rọ́bà yẹn nìkan ni mi ò tíì rí orúkọ fún. “Ìfúnpo” tí ẹ̀gbọ́n dá bá mi lára mu, àmọ́ tẹ́nikẹ́ni bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ìfun ni mo máa kọ́kọ́ kà. Ọmọ tó bá mi wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ń pè é ní “ọkàn”. Kí lẹ̀yin rí sí i?