Èsì: Ẹ̀yìn-àlùkò, ìkángun ẹ̀yìn-àlùkò, àti ìdí tí "orísun" nìkan kò fi tó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí gbólóhùn tí àbúrò wa láti Mọ́níyà ní ká bá òun túmọ̀. Fún ẹni tí kò tíì rí i: ó ń kọ àlàyé fún àwọn ọmọ girama nípa EUVE, sátẹ́láìtì tí NASA gbé lọ sí òfuurufú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1992. Iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà ni láti wá gbogbo ibi tí extreme ultraviolet, ìtànṣán kan tí ojú èèyàn kò lè rí, ti ń wá lójú ọ̀run, kí wọ́n sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta inú gbólóhùn náà ló nílò ìtumọ̀: extreme ultraviolet, catalogue àti source. Ọ̀gá wa kan ní ká pe ìtànṣán yìí ní "ìtànṣán apanilára". Ẹlòmíràn ní "ultraviolet àṣejù". Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wá ní bí a bá fẹ́ pè é lórúkọ Yorùbá, àlùkò kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí àlùkò ló losùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ló wúwo jù, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Bí osùn bá wà ní apá pupa òṣùmàrè, báwo la ṣe fẹ́ gbé ẹyẹ olósùn lọ sí òpin kejì, níbi tí aró ti ń parí lọ? Wọ́n ní "ẹ̀yìn-aró" ni ká máa wí. Èrò yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí ọjà Òjé ní Ìbàdàn, mo lọ bá ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè, tí màmá mi ti ń bá ra ẹtù láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀ ń pè ní àlùkò nínú gbogbo èyí?"

Wọn ò tiẹ̀ rò ó. Wọ́n ti àlàárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti ẹtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, wọ́n fa ìdì kan yọ lábẹ́ wọn. Kò pupa tó àlàárì, kò sì dúdú tó ẹtù. Wọ́n ní, "Gbé e bọ́ sí ìta kí o wò ó." Mo gbé e sínú oòrùn, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yọ lára òwú rẹ̀. Mo gbé e padà sábẹ́ ibòji, aró ló borí. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ibi tí aró àti osùn ti pàdé ni."

Lójú tèmi, ìyá yẹn ti bá wa parí rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ aṣọ elésè àlùkò fún ọkùnrin ọlọ́rọ̀ inú ìwé Lúùkù, tí Lásárù ń tọrọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi èyíkéyìí ní Ìbàdàn mọ àwọ̀ yẹn. Ẹ sì wò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi: nínú òṣùmàrè, aró ló ṣáájú, àlùkò ló kẹ́yìn. Bí a bá ní "ẹ̀yìn-aró", àlùkò fúnra rẹ̀ la dé yẹn, ojú sì ń rí àlùkò. Ohun tí à ń wá ṣì wà níwájú. Ẹ̀yìn àlùkò ló wà.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn "ẹ̀yìn" níbí ni pé a ti ní "ẹ̀yìn odi" tẹ́lẹ̀. Ẹni tó lọ sí ẹ̀yìn odi kò di nǹkan mìíràn, kò sọnù, ojú ẹni tó wà nínú ìlú ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn, gígùn ìgbì wọn ló yàtọ̀. Àlùkò parí ní nǹkan bíi 400 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ibẹ̀ sì ni odi wà fún ojú èèyàn. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí dé nǹkan bíi 10 nánómítà, ẹ̀yìn-àlùkò ni gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Lẹ́yìn ìyẹn la bọ́ sí ilẹ̀ X-ray, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yìn-àlùkò gùn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pín in. Apá tó kẹ́yìn, láti nǹkan bíi 100 nánómítà wá sí 10, ni wọ́n ń pè ní extreme ultraviolet. Mo dábàá "ìkángun ẹ̀yìn-àlùkò" fún un. Ilé tó wà ní ìkángun àdúgbò ni ilé tó kẹ́yìn, òun kan náà ló sì kángun sí àdúgbò kejì. Bí ìtànṣán yìí ṣe wà nìyẹn: òun ló gbẹ̀yìn ní àdúgbò tirẹ̀, òun ló kángun sí X-ray. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ méjèèjì.

"Àṣejù" kò lè ṣe èyí. Nínú èdè wa, ìwà ni àṣejù, ẹ̀tẹ́ ló sì máa ń bá dé. Ìtànṣán yìí kò ṣe àṣejù sí ẹnikẹ́ni, ipò tó wà là ń sọ. Ní ti "apanilára", mo bẹ ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Èyí tó ń jó ara nínú oòrùn ọ̀sán wà nítòsí àlùkò. Èyí tí à ń sọ yìí kì í dé ilẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ òkè ló ń gbé e mì, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé sátẹ́láìtì ló ní láti gbé awò awọ̀nàjíjìn lọ síta kí wọ́n tó lè rí i. A ò lè máa pe ohun tí kò kan ara ẹnikẹ́ni rí ní apanilára. Mo tún ní ìdí kan. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n pín fún àwọn ọmọdé, tó túmọ̀ ultraviolet sí "ìtànṣán oòrùn tó le". Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó bi mí pé, "Àǹtí, tí ìkùukùu bá bo oòrùn, ṣé kò sí ultraviolet mọ́ nìyẹn?" Ọmọ náà kò ṣì í. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ fún un ló fi ronú.

Fún catalogue, "àtòjọ" ti tó. Mi ò rí ohun tó kù ká jiyàn lé níbẹ̀.

"Source" ló kù, òun gan-an ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí. Gbogbo yín ló kọ "orísun", bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o.

Ẹ rántí bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe ní Ìbàdàn. Nínú ọyẹ́ ọdún yìí mo dúró sórí òkè Màpó ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Mo rí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ní Bẹẹrẹ nísàlẹ̀ mi, mo lè ka ìlà ara wọn. Èyí tó wà lẹ́yìn wọn dà bí òjìji. Lẹ́yìn ìyẹn, eruku funfun nìkan. Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Àrẹ, tí a máa ń rí láti ibẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọwọ́ kan, èmi kò mọ ìdí rẹ̀, ọyẹ́ ti fẹ́lẹ́, mo sì ń rí òrùlé títí tó fi kéré bí èékánná. Bí ọ̀run ṣe rí fún ìkángun ẹ̀yìn-àlùkò nìyẹn. Gáàsì haidrójìn tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ni ọyẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju 91.2 nánómítà lọ lè tú átọ́ọ̀mù haidrójìn ká, nítorí náà haidrójìn ń gbé e mì lójú ọ̀nà. Fún ìgbà pípẹ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí níbẹ̀ kọjá oòrùn tiwa, wọ́n ní ọyẹ́ yẹn nípọn jù.

Ní oṣù Keje ọdún 1975, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà àti ti Soviet so pọ̀ lókè, tí wọ́n ń pè ní Apollo-Soyuz, awò kan tí Stuart Bowyer, onímọ̀ ìràwọ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ṣe wà nínú rẹ̀. Ó rí HZ 43, aràrá funfun kan (white dwarf, ìyókù ìràwọ̀ tó ti jó tán) tó gbóná gidigidi, ó sì tún rí mélòó kan sí i. Ọyẹ́ náà kò nípọn dọ́gba. Àwa àti oòrùn wa wà nínú àyè kan tí gáàsì rẹ̀ fẹ́lẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ìwé ti ń kún. Sátẹ́láìtì ROSAT ti Jámánì gbéra ní oṣù Kẹfà ọdún 1990, awò kan tí àwọn ará Bìrìtìkó ṣe wà lára rẹ̀, 383 sì ni àtòjọ àkọ́kọ́ tó ti inú rẹ̀ jáde ní 1993. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 1995, ó di 479. Àtòjọ kejì ti EUVE, ní 1996, jẹ́ 734.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí ni? Ìbéèrè mi nìyẹn. Orísun ni ibi tí omi ti ń sun. Ẹni tó bá pè é ní orísun ti lọ bá omi níbẹ̀, ó ti rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí àtòjọ yẹn kọ kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ pé láti ibí yìí lójú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ wọlé sí awò wa. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pàápàá kì í ṣe orúkọ ìràwọ̀: wọ́n kọ EUVE J, wọ́n sì fi nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó wà lójú ọ̀run lé e. Bí o bá dúró sórí Màpó lóru, tí iná ìjọba ti lọ, tí o rí iná jẹnẹrétọ̀ kan níbẹ̀, òmíràn lọ́hùn-ún, o lè to gbogbo wọn sínú ìwé láìmọ ilé kankan. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ gílóòbù méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù lè má jẹ́ ti ilé ńlá.

Sirius ni ẹ̀rí mi. Òun ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú wa lóru, kò sì ju ọdún ìmọ́lẹ̀ 8.6 lọ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan). Bí ìkángun ẹ̀yìn-àlùkò ṣe ń wọlé láti ibẹ̀, ẹni tó bá yára á ní, "Sirius ni orísun rẹ̀," á sì rò pé ìràwọ̀ ńlá tí gbogbo ayé ń wò ni. Kì í ṣe òun. Ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èkejì jẹ́ aràrá funfun, kò tóbi ju ayé wa yìí lọ, ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oòrùn. Ojú lásán kò lè rí i, nítorí ìmọ́lẹ̀ ti àkọ́kọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún 1862 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awò rí i. Síbẹ̀, ní ìkángun ẹ̀yìn-àlùkò, aràrá yìí ló ń tàn ju ìràwọ̀ ńlá náà lọ.

Nítorí náà mo dábàá "ojú": ojú ìtànṣán, tàbí "ojú" lásán bí gbólóhùn bá ti yé. A ní ojú abẹ́rẹ́ tí òwú ń gbà kọjá, a ní ojú omi, a ní ojú ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kí dókítà tó mọ ohun tó wà nínú. Ojú ni ibi tí nǹkan ti yọ sí wa. Bí a bá ti wádìí, tí a mọ ẹni tó ni ín, nígbà náà ni "orísun" tó wọlé. Báyìí la ó máa kọ ọ́: "EUVE J0658-289 ni ojú tó mọ́lẹ̀ jù nínú àtòjọ, Adhara ni orísun rẹ̀." Adhara wà ní gúúsù Sirius, a máa ń rí i ní Ìbàdàn lálẹ́ ní oṣù Kejì. Ó jìnnà tó nǹkan bíi 430 ọdún ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà láàárín àwa àti òun ni ọyẹ́ ti fẹ́lẹ́ jù. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá wà, ọmọ girama á mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni: kí a rí i, kí a sì mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ojú ti ní ìtumọ̀ púpọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wọ òwú sínú abẹ́rẹ́ tó ń rò pé abẹ́rẹ́ ń wo òun.

Ibi tí mi ò tíì rí ọ̀nà gbà ni pé nínú 734 yẹn, àwọn ojú kan wà tí wọn kò tíì rí ìràwọ̀ kankan so mọ́. Àbúrò wa nílò orúkọ fún wọn. Mo ti gbìyànjú "ojú tí kò lólúwa", ó sì ń dún bí ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù. "Ojú aláìlórísun" kò dára, nítorí orísun wà, àwa la ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Òjé ní nígbà tí òun bá rí aṣọ tí oníbàárà gbàgbé sílẹ̀, "aṣọ tó ń retí ẹni" lòun máa ń pè é. "Ojú tó ń retí ẹni" ńkọ́? Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ yẹn ló fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.