Àǹfààní tí wọ́n fi ìrẹ́jẹ wá: ṣé ó mọ́?

Nọ́ọ̀sì Àárọ̀:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìdí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni wọ́n fi mí sí. Mo ń ka ìtàn iṣẹ́ yìí, ọ̀ràn kan sì há mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1796, Edward Jenner, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá ààbò lọ́wọ́ ṣànpọ̀nná, mú omi egbò ìgbóná màlúù ní ọwọ́ Sarah Nelmes, ọmọbìnrin tó ń fún wàrà, ó sì fi bupá fún James Phipps, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ tó máa ń bá Jenner ṣiṣẹ́ ni bàbá ọmọ náà. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Keje, ó tún fi ṣànpọ̀nná gan-an sí i lára, kó lè mọ̀ bóyá yóò ràn án. Kò ràn án. Ṣùgbọ́n ta ló bi ọmọ yẹn léèrè? Bàbá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó lẹ́nu láti sọ pé rárá fún ẹni tó ń fún un níṣẹ́? Mo lè máa fi òwú nu itan ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ yìí á tún sọ sí mi lọ́kàn.

Olùkọ́ Ìtàn:
Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Jenner. Kí wọ́n tó bí i rárá ni wọ́n ti ń fi ọyún ṣànpọ̀nná bupá ní Éṣíà àti ní Áfíríkà. Onesimus, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú lẹ́rú ní Boston, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, àlùfáà Cotton Mather. Nígbà tí ṣànpọ̀nná bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1721, dókítà Zabdiel Boylston bupá fún ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti fún ẹrú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹrú náà. Bíi 2 nínú 100 ló kú nínú àwọn tó bupá fún. Nínú àwọn tí àìsàn náà mú fúnra rẹ̀, bíi 14 nínú 100 ni. Wọ́n bupá báyìí fún Jenner náà ní kékeré. Nítorí náà, ohun tó ṣe fún James ní oṣù Keje kì í ṣe ohun àjèjì nígbà ayé wọn. Ti ẹrú Boylston ló ń dùn mí jù, torí kò sí ibi tí ẹrú ti ń sọ pé òun ò ṣe.

Bàbá Láàbù:
Olùkọ́, mo gbà fún yín nípa Jenner. Ṣùgbọ́n pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn, àwíjàre yẹn kò lè gba gbogbo wọn sílẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Sẹ́ẹ̀lì HeLa, irú èyí tí wọ́n ń sìn nínú ìgò ní ilé àyẹ̀wò, la fi kọ́ṣẹ́. Bí o bá wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wàá rí i tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò pẹrẹsẹ. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan ó ti kún gbogbo ibẹ̀, omi pupa tó ń jẹ á sì ti pọ́n bí ìyeyè, ìyẹn ni wàá fi mọ̀ pé ó tó pààrọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé ara èèyàn kan ni. Henrietta Lacks ni, òun ni wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí HeLa, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ pa ní Baltimore ní 1951, lọ́mọ ọdún 31. Wọ́n gé lára rẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda, ó sì lé ní ogún ọdún kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́.

Èyí tó wá ń kó ìdààmú bá mi ni Tuskegee, ní Alabama. Láti 1932, ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣọ́ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bíi 600 níbẹ̀, láti wo ohun tí sífílísì, àrùn ìbálòpọ̀ kan, ń ṣe sí ara; 399 nínú wọn ló ní i. Wọ́n ní "ẹ̀jẹ̀ burúkú" làwọn ń tọ́jú. Penicillin dé, ó di oògùn àrùn náà níbi gbogbo, wọn ò fún wọn. Ó di 1972 kí àṣírí tó tú. Nígbà tí Ààrẹ Bill Clinton tọrọ àforíjì ní 1997, mẹ́jọ péré ló kù láyé nínú wọn.

Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee kan náà, láti 1953, àwọn onímọ̀ aláwọ̀ dúdú ń sin sẹ́ẹ̀lì Henrietta, wọ́n ń dì í ránṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè fi dán àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí dókítà Jonas Salk ṣe wò. Ilẹ̀ kan náà, ìgbà kan náà. Àbúrò mi, àjẹsára tí ò ń fún ọmọdé mọ́. Gbèsè àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni kò tíì tán, ọrùn àwa oníṣẹ́ ìlera ló sì wà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa ìyá. Níbi tí mo gbé àwọn ìbejì mi lọ, mo béèrè pé kí ni èyí tí wọ́n fẹ́ gún yìí wà fún. Nọ́ọ̀sì ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ mi yarọ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n gún un, torí mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Àmọ́ inú mi ò dùn títí mo fi délé.

Bàbá Láàbù:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ kì í lé òbí sá. Ní 1955, kòkòrò ààyè wà nínú àjẹsára Salk kan tí ilé-iṣẹ́ Cutter ṣe, ó sì rọ àwọn ọmọ. Ìjọba dá gbogbo rẹ̀ dúró, wọ́n mú àyẹ̀wò le sí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí ṣì kó ọmọ wá.

Nọ́ọ̀sì Àárọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí mo bá wá ṣàlàyé tán, tí ìyá ọmọ ní òun ò ṣe ńkọ́?

Olùkọ́ Ìtàn:
Ẹ má bá a jà. Ní 1853 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé bupá ṣànpọ̀nná fún ọmọdé, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé àwọn òbí tó bá kọ̀. Ìjà ọ̀hún pọ̀ débi pé ní 1898 òfin gbà kí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́ yẹra. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ mìíràn tó lè padà wá.