Ìdọ̀tí ilé ìdáná wa ní Igbogbo, kí la lè fi ṣe láìdáná sun ún?

IyaIbeji_Igbogbo
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé o. Ilé fésìmí-n-fésìẹ là ń gbé, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń wá, tí wọn ò bá sì ti wá ẹnì kan á ṣáná sí gbogbo ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, náílọ́ọ̀nù pọ́wọ́tà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹ̀ á jọ máa jó pọ̀. Èéfín yẹn ń wọ yàrá bá wa, ọmọ mi kékeré ń wúkọ́ mọ́jú, aṣọ tá a sá ò tiẹ̀ ṣeé wọ̀ mọ́. Tá a bá sì sọ̀rọ̀ ó di ìjà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀, ṣé ó ṣeé ṣe nílé tí èrò pọ̀, tí ò ní máa rùn, tí eku ò ní fi ibẹ̀ ṣelé?

Agbe_Ijede
Ó ṣeé ṣe dáadáa, màmá. Omi tó pọ̀ jù tí afẹ́fẹ́ ò sì rọ́nà wọlé ló ń jẹ́ kó rùn. Tẹ́ ẹ bá da bókẹ́ẹ̀tì kan èyí tó tutù sí i, bí èèpo iṣu, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, ẹ fi bókẹ́ẹ̀tì méjì sí mẹ́ta èyí tó gbẹ bò ó: ewé gbígbẹ, páálí tẹ́ ẹ ya wẹ́wẹ́, èyí tó ń bọ́ lára pákó ní sọ́ọ̀mìlì. Ẹ má da ẹran, ẹja àti àṣẹ́kù ọbẹ̀ sí i o, ìyẹn gan-an ló ń pe eku. Ẹ lu ihò sára dúrọ́ọ̀mù àlòkù, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí àárín ẹ̀ bá ń gbóná, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú ooru Èkó yìí, oṣù méjì sí mẹ́ta ó ti dúdú, òórùn ẹ̀ á dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Nígbà òjò ẹ fi tapólì bò ó.

Omo_Epe
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ náà ń jẹrà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ewúrẹ́ ní tútù, májèlé wà nínú ẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa ná. Ewé tá a fi pọ́n móínmóín náà ń jẹrà, ti náílọ́ọ̀nù ni kì í jẹrà, ìdí tí mi ò fi ń ra móínmóín inú náílọ́ọ̀nù nìyẹn jàre.

Boda_Sabo
Gírámà yìí dáa, ta ló máa yí i? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gbogbo yín á ṣe é, tó bá yá á di ti ẹnì kan ṣoṣo, ìjà míì dé. Náílọ́ọ̀nù yẹn wá ńkọ́? Ìjọba Èkó fòfin de styrofoam, abọ́ funfun fífúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ tà sí, ní January 2024, pọ́wọ́tà ṣì kún inú gọ́tà, òjò kékeré báyìí omi ti wọlé.

IyaElewedu_Agric
Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ. Tiwa náà ì bá ti kú ká ní a ò gbin nǹkan kan sí i. Ilẹ̀ ibi tiwa iyanrìn ni, omi kì í dúró nínú ẹ̀, la bá po ajílẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, a gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀, kò ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ a ti ń já a. Ẹni tí ò bá da èèpo kì í já ewédú, òfin wa nìyẹn! Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gba ṣọ́bìrì, ó ní orúnkún òun tó máa ń gan ti ń rọ̀, ẹ̀yin ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ rí ìjà. Aládùúgbò tí kì í kí wa tẹ́lẹ̀, òun ló ń kanlẹ̀kùn báyìí pé kòkòrò ti ń jẹ tẹ̀tẹ̀ o. Náílọ́ọ̀nù pọ́wọ́tà, a ń gbọ̀n ọ́n gbẹ sínú àpò kan, àwọn tó ń ra rọ́bà ń wá gbé e.

IyaIbeji_Igbogbo
Ha, òfin yẹn wù mí gan-an. Màá sọ ọ́ ní mítíǹgì ilé lọ́jọ́ Sunday. Káfíńtà kan wà níwájú ilé wa, ṣé mo lè gba èyí tó ń bọ́ lára pákó tiẹ̀ dípò ti sọ́ọ̀mìlì?

Agbe_Ijede
Ẹ lè gbà á, àmọ́ ẹ bi í ná. Tó bá jẹ́ pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn ló ń là, ẹ má gbà á o, ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ ni.