Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níta kí ẹ tó padà sílé Ọlọ́run, báwo ló ṣe rí?

Àdùkẹ́_Ọ̀ṣun
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá dá ìjà ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sá fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí láti ọdún pípẹ́, kí ló gbé yín padà? Ṣé inú yàrá lẹ ti dá tọrọ àforíjìn ni, àbí àárín èrò? Ojú ń ti èmi láti padà síbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ mí.

Baba_Ìbejì
Wọlé. Jókòó sẹ́yìn. Ó tán.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn_ní_London
Èmi ò ní purọ́, oúnjẹ ló gbé mi lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbí, ìrun ti di nǹkan tí mò ń rántí kìkì nígbà tí màmá mi bá pè láti ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká lọ ṣínu ní mọ́ṣáláṣí àwọn ará Nàìjíríà tó wà ní Old Kent Road, pé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín ń bẹ níbẹ̀. Mo ti gbọ́ òórùn ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. A fi dàbínù ṣínu, mo ní kí n máa sún mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n ní ó tì o, ìrun Mọ̀gáríbì kọ́kọ́. Ọ̀nà àbáyọ ò sí mọ́. Bàbá arúgbó kan fà mí lápá wọ sàfù, ó ní, "Sún mọ́ mi, má fi àyè sílẹ̀." Lẹ́mọ́mù ka Fàtíhà tán, gbogbo ilé ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan náà, omi bá ń bọ́ lójú mi. Mi ò tíì tọrọ nǹkan kan o. Bàbá yẹn ò béèrè orúkọ mi, kò béèrè ibi tí mo ti wà láti ọjọ́ yìí. Dàbínù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀ ló fún mi.

Ṣadé_Alákàrà
Ọlọ́run mọ ọ̀nà ọ̀fun yín gan-an ni 😂

Ọmọ_Ìsẹ́yìn_ní_London
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo jẹ mọ́ín-mọ́ín náà, ó dùn.

Ìyá_Olóbì
Ẹ dákun, gbogbo yín ń sọ ti ẹni tó padà. Èmi ni wọ́n padà wá bá. Obìnrin tó ń gba àjọ wa lọ́jà kó owó wa lọ. Owó ilé-ìwé ọmọ mi wà níbẹ̀, owó ọjà tí mo gbà láwìn wà níbẹ̀. A wá a títí, a ò rí i. Ó ṣe, a ń ṣe ìsọjí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó bọ́ síwájú. Ta ni mo rí? Ìyá alájọ! Ó wọ funfun! Ó ní Jésù ti wẹ òun mọ́, òun ti di ẹ̀dá tuntun. Gbogbo ìjọ ń pariwo Halelúyà, ìyá ìjọ gbá a mọ́ra. Èmi nìkan ni mi ò dìde. Mo ní, ẹ̀dá tuntun, owó àtijọ́ ńkọ́?

Ṣadé_Alákàrà
OWÓ ÀTIJỌ́ ŃKỌ́! Ẹ gbà mí o 😂😂

Kọ́lá_Mushin
Alájọ Ṣómólú ò kọ owó ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì gbàgbé ti ẹnikẹ́ni. Tiyín kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó wá gbàgbé.

Alfa_Kékeré
Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ túúbá gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, kó kábàámọ̀, kó sì pinnu pé òun ò ní padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ọmọ ẹ̀dá, ó tún kù: kó dá a padà, tàbí kí olóhun yọ̀ǹda. Ọlọ́run lè fi tiẹ̀ jì ẹ́. Ti ìyá olóbì, ọwọ́ ìyá olóbì ló wà.

Díákónì_Tólú
Àfi bíi pé ọ̀dọ̀ yín nìkan ló wà. Sákéù inú Lúùkù 19 ńkọ́? Ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun máa san padà. Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀ ni Jésù tó ní ìgbàlà wọ ilé yìí lónìí.

Baba_Ìbejì
Olè orí igi àgbélébùú, kí ló san?

Kọ́lá_Mushin
Wọ́n ti kan ọwọ́ ìyẹn mọ́gi, báwo ló ṣe fẹ́ san? Ọwọ́ ìyá alájọ ò sí nínú ìdè.

Díákónì_Tólú
Ẹ̀yin èèyàn yìí ò ní jẹ́ kí n sùn.

Aláṣọ_Funfun
Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ díẹ̀. Ọmọ Sẹ̀lẹ́ ni mí, Ìjọ Mímọ́ (Celestial), mo ti kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi sùtánà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún Kérésì kan, bàbá mi ní kí n wà wọ́n lọ sí Imẹ̀kọ, níbi tí ìjọ wa ti máa ń pé jọ fún Kérésì. Awakọ̀ lásán ni mo ka ara mi sí. Nígbà tí mo rí ogunlọ́gọ̀ yẹn, olówó, tálákà, gbogbo wọn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ kan náà, èmi náà bọ́ tèmi sínú ọkọ̀. Mi ò lè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣadé_Alákàrà
Ẹ̀gún ńkọ́?

Aláṣọ_Funfun
Ó gún mi.

Akọ́wé_Àjàṣẹ́
Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Imẹ̀kọ ni Ìjọ Mímọ́ ti bẹ̀rẹ̀ o. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí ni, lọ́dún 1947. Imẹ̀kọ ni wọ́n sin Bàbá Oshoffa, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, sí, lẹ́yìn tí wọ́n papòdà lọ́dún 1985.

Aláṣọ_Funfun
Ta ló bá yín jiyàn?

Tèmi_Yémi
Láti ìgbà kòrónà, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń jọ́sìn, lórí fóònù. Ọlọ́run kan náà ni. Kí lèèyàn tún ń wá sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn_ní_London
Ta ló máa fún ẹ ní dàbínù lórí bẹ́ẹ̀dì?

Àdùkẹ́_Ọ̀ṣun
Ìyá Olóbì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ dárí jì í?

Ìyá_Olóbì
Ọmọ mi, ó wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó kó díẹ̀ wá nínú ọ̀rá dúdú, ó kúnlẹ̀. Mo jẹ́ kó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọmọ mi tí owó ilé-ìwé ẹ̀ bá a lọ yẹn ló ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde, mà." Ó ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ńṣì kan náà la jọ ń jókòó sí nísinsìnyí. Ẹ̀rín ò tíì wọ àárín wa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀ létí mi, ohùn tèmi náà kì í ròkè mọ́.

Alfa_Kékeré
Ọlọ́run á san án fún yín, mà.

Kọ́lá_Mushin
Èmi ì bá má jẹ́ kó dìde.

Baba_Ìbejì
Àdùkẹ́, ìṣọ́ òru alẹ́ Ẹtì ni kó o bá lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, iná kì í pẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó máa rí ojú ẹ.

Díákónì_Tólú
Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni ò ní jẹnẹrétọ̀ láyé tá a wà yìí?

Baba_Ìbejì
A dá owó ẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ akápò.

Ìyá_Olóbì
Ẹ tètè lọ gbà á o.