Wọ́n gé pọ́lípù kúrò nínú ìfun Bàbá: kí ló kàn?

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá mi, ẹni ọdún 58, ṣe àyẹ̀wò kámẹ́rà ìfun ńlá ní Ìlọrin, ó pé ọjọ́ 6 lónìí. Pọ́lípù (ẹran kékeré tó hù sínú ìfun) 3 ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì gé gbogbo ẹ̀. Ọ̀kan tó 12 mm, 2 tó kù kò ju 4 mm lọ. Èsì láàbù dé lánàá: èyí tó tóbi jẹ́ "tubular adenoma, low-grade dysplasia" (irú tó lè di jẹjẹrẹ, àmọ́ tí kò tíì yí padà púpọ̀), àwọn kékeré tó wà lápá ìdí jẹ́ "hyperplastic" (irú tí kì í sábà di jẹjẹrẹ). Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ni, wọn ò ní pe Bàbá padà fún kámẹ́rà mọ́. Àǹtí kan nílé sì ti se àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀. Kí ni ká ṣe, kí ni ká má ṣe?

Nọ́ọ̀sì Táńkẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbo yẹn kúrò nílẹ̀ ná. Àsìkò tó yẹ kí ẹ ṣọ́ Bàbá jù lẹ wà yìí. Wáyà gbígbóná ni wọ́n sábà fi ń gé pọ́lípù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ojú ibẹ̀ á jóná, á sì di èépá. Láàárín ọjọ́ 5 sí 14 ni èépá náà máa ń já, bí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò bá sì tíì dí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á tú. Bàbá lè máa rìn kiri kóko láti ọjọ́ yìí, kí ẹ̀jẹ̀ dé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ilé máa pè é, wọ́n á wá gbé àgbo tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ fún ẹni tó ní egbò nínú ìfun.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ìwé ìnùdí lẹ́ẹ̀kan kò ṣe nǹkan. Bó bá ju síbí ìjẹun 2 lọ, tàbí tó ń dì, tàbí tó tún padà wá, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ. Inú rírun tó ń le sí i, ikùn tó le gbagidi, ibà: ìfun lè ti lu nìyẹn, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Kí Bàbá má rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn títí ọjọ́ 14 á fi pé, kí wọ́n má sì gbé ẹrù wúwo. Ibuprofen, diclofenac àti Alabukun (aspirin wà nínú rẹ̀) kò yẹ. Parasitámọ́ọ̀ ni kí wọ́n lò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ dókítà ló kọ aspirin fún wọn nítorí ọkàn, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Dókítà Ìfun
Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2020 ní kí pọ́lípù tó lè di jẹjẹrẹ pé 2, kí ọ̀kan tó 10 mm ó kéré tán, tàbí kí gbogbo ẹ̀ pé 5, kí wọ́n tó tún fi kámẹ́rà wò ó. Ọ̀kan péré ni ti Bàbá, nítorí àwọn "hyperplastic" kékeré ìdí yẹn kò sí nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, ìjọba ń fi ike àyẹ̀wò ìgbẹ́ ránṣẹ́ sílé ẹni lọ́dún méjì méjì, òun ni wọ́n gbára lé. Ta ló máa fi ránṣẹ́ sí Ọ̀fà? Ìlànà Amẹ́ríkà ọdún 2020 ni kí ẹ tẹ̀ lé: adenoma tó 10 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún fi kámẹ́rà wò ó lẹ́yìn ọdún 3. Ká ní kò tó 10 mm ni, tó sì jẹ́ 1 tàbí 2, ọdún 7 sí 10 ni. Èyí tó tó 20 mm tí wọ́n gé ní wẹ́wẹ́, oṣù 6.

Ọdún 3 yìí dúró lórí pé ìfun mọ́ lọ́jọ́ náà, kámẹ́rà sì dé ìpẹ̀kun. Ẹ wo ìwé dókítà bóyá wọ́n kọ "caecum" (ìpẹ̀kun ìfun ńlá náà) sí i. Bí ìfun ò bá mọ́, láàárín ọdún 1 ni kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fi kílíìpù (irin kékeré tí wọ́n fi ń fún ojú egbò pọ̀) sí i, nítorí irú kílíìpù kan kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ MRI (ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì). Kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé kámẹ́rà àti ti láàbù; fáìlì ilé ìwòsàn lè sọnù kí ọdún 3 tó pé.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ ṣeun gan-an. Àwa ọmọ ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́?

Dókítà Ìfun
Ẹ̀yin ọmọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Bàbá, ọmọ ọdún 40 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, nítorí pọ́lípù náà ju 10 mm lọ.

Nọ́ọ̀sì Táńkẹ̀
Ẹran pupa tó ti jinná kò gbọdọ̀ ju 500 g lọ lọ́sẹ̀. Súyà àràárọ̀ kọ́ ni. Ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, ewédú, tùwó ọkà bàbà, ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀ kí inú má wú. Wàrà kò léèwọ̀. Sìgá àti ọtí ni kí ẹ bá wọn jà lé lórí. Oúnjẹ ò dípò kámẹ́rà ṣá o.

Nígbà tí ọdún 3 bá pé, ẹ mú ọjọ́ tí kò bọ́ sínú ààwẹ̀, torí wọ́n máa mu lára oògùn ìfọfun lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Lítà 4 ló sábà máa ń jẹ́: ìdajì lálẹ́, ìdajì láàárọ̀, kí ó parí ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú àyẹ̀wò. Kí wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin dúró lọ́sẹ̀ 1 ṣáájú, ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Kò sí àgbàdo, kò sí gúáfà, kò sí ata oníhóró fún ọjọ́ 3. Zobo pátápátá, rárá, nítorí nínú kámẹ́rà ó jọ ẹ̀jẹ̀. Omi tó bá jáde gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mọ́ bí ìtọ̀. Bó bá ṣì dúdú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gbé Bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì.