Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Erédò Súngbọ́ rí, ṣé ọjọ́ kan tó láti Ìkòròdú?

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará. Ìyá ọkọ mi ló ní dandan òun máa dé sàréè Bílíkísù Súngbọ́ (obìnrin tí wọ́n ní ó ni kí wọ́n gbẹ́ Erédò) ní Òkè-Ẹ̀rí kí àwọn tó padà sí Ìlọrin, Alhaja ni wọ́n, wọ́n gbà pé Bílíkísù yìí náà ni ayaba tó lọ bá Ànọ́bì Sùlèmánù, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá wọn jiyàn ẹ̀ nínú ilé wa. Ọkọ mi ò ráyè, èmi àti Alhaja àtàwọn ìbejì mi (obìnrin ni wọ́n, wọ́n ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì) la jọ ń lọ. Ní tèmi o, Erédò yẹn gan-an, yàrà gígùn tí wọ́n gbẹ́ láyé àtijọ́, ló wù mí rí, fọ́tò ẹ̀ tí mo rí lórí Facebook ni ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé a lè lọ ká dé lọ́jọ́ kan náà? Corolla lásán la fẹ́ gbé o. Mo tún gbọ́ pé wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ibi sàréè, ṣé òótọ́ ni àbí àwọn èèyàn kàn ń sọ ọ́ ni?

ỌmọAlágẹmọ:
Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Obìnrin kì í wọ ibi sàréè yẹn, ọkùnrin tó bá máa wọlé náà á bọ́ bàtà sílẹ̀. Obìnrin ni wọ́n ní wọ́n sin síbẹ̀ o, àwọn obìnrin ni ò gbọdọ̀ wọlé, ẹ má bi mí léèrè ìdí ẹ̀ torí èmi náà bá a bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà ilé ni kẹ́ ẹ ti sọ fún Alhaja, ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà.

Tó bá jẹ́ èmi ni, yàrà ni màá kọ́kọ́ lọ. Ẹ gba Ìtóìkín jáde sí Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ wá kọrí sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ máa rí ìlú tó ń jẹ́ Erédò. Ẹ wá ọmọ ìlú tó máa mú yín wọ̀ ọ́, torí ẹ lè wà nítòsí ẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, igbó ti bò ó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ máa tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n gbẹ́, ògiri ẹ̀ lọ sókè tààrà, ewédò bò ó, igi ti pàdé lókè, oòrùn díẹ̀ ló ń wọlé, ó sì tutù. Níbi tó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20, ìyẹn bí ilé alájà mẹ́fà. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ sì tó kìlómítà 160, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ o, kò sí katapílà.

Akéwejẹ̀:
Ọ̀rọ̀ ayaba yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ bá Alhaja sọ ọ́. Nǹkan bí ọ̀rúndún 10 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ń fi Sólómọ́nì sí. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ lórí Erédò tẹ́lẹ̀ ní ó máa tó bí ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Jésù, àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí wá ń sọ pé ìparí ọ̀rúndún 14 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15 ni. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú níbẹ̀, ayaba yẹn ti kú tipẹ́. Súrátù Námílì tó sọ ìtàn ẹ̀ nínú Kùránì gan-an ò dárúkọ ẹ̀, àwọn onítàn ẹ̀yìn ló pè é ní Bilqis. Patrick Darling, òyìnbó tó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa yàrà yẹn lọ́dún 1999, òun náà ò sọ pé sàréè ayaba ló rí, àwọn ìwé ìròyìn ló sáré sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ dùn mọ́ èmi ju ti Sólómọ́nì lọ: obìnrin olówó ni, opó, kò bímọ, ló bá ní kí àwọn ẹrú òun gbẹ́ yàrà káàkiri kí wọ́n má baà gbàgbé òun. Ẹ wò ó, wọn ò gbàgbé ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn Potogí sì ti gbọ́ nípa yàrà ńlá tó yí Ìjẹ̀bú ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, Pacheco Pereira, atukọ̀ wọn kan, kọ ọ́ sílẹ̀.

Sisí_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ fi Alhaja sílẹ̀ pẹ̀lú Bílíkísù wọn jàre 😂 Òjò ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà yẹn, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kẹ́ ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ ṣòkòtò, torí kòkòrò. Ẹ má sì lọ nígbà Ojúde Ọba (ọjọ́ kẹta Iléyá), àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ sun ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Tẹ́ ẹ bá tètè parí, ẹ yà sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ra ẹja, àmọ́ kó jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ o, àbí báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé ẹja tútù kiri nínú oòrùn.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti sọ fún Alhaja. Wọ́n ní kò sóhun tó burú, àwọn á dúró níta àwọn á ṣàdúà, Ọlọ́run ò sí nínú ilé nìkan. Ti Sólómọ́nì yẹn, mi ò tíì sọ ọ́, mi ò sì ní sọ ọ́. Orúnkún wọn ló kù: ṣé ọ̀nà wà tí àgbàlagbà lè gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà?

ỌmọAlágẹmọ:
Rárá o. Wọn ò ní lè gòkè padà. Ẹ bá wọn gbé àga oníke kan sínú bùtù, kí wọ́n jókòó sórí òkìtì lókè, kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì dúró tì wọ́n, kí ẹ̀yin àti èkejì sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀. Òkè-Ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ wá lọ lẹ́yìn ìyẹn, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Tẹ́ ẹ bá kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ máa padà délé kílẹ̀ tó ṣú.